Ẹ Má Fi Gúlúù Pa Ẹ̀yìn Fọ́tò Rẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpàtẹ fọ́tò àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé níbí ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó kó fọ́tò wọ̀nyẹn jọ láti inú àpótí àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì onílé dé onílé ṣe, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó dùn mí ni pé gúlúù ni wọ́n fi lẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ pátákó. Ìdajì fọ́tò sítúdíò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, a ò sì lè rí ìdajì náà mọ́.

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe jókòó níwájú kámẹ́rà láyé ìgbà náà. Wọ́n kọjú sí wa gbọnrangandan, wọ́n ya ẹsẹ̀ kí agbádá lè tẹ́, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, wọn ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Iyì ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Gbogbo èyí ni iwájú fọ́tò lè sọ fún wa. Kò lè sọ ta ni, ìlú wo, ọdún wo, ọwọ́ ta ló ya á.

Fọ́tò ìbejì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn kọjá lára rẹ̀. Ọmọ méjì jókòó síra, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Ẹ sún mọ́ ọn: òjìji abẹ́ àgbọ̀n ti apá ọ̀tún bá ti apá òsì mu rẹ́gí, aṣọ ká kò lọ́rùn lọ́nà kan náà, ìlà tín-ín-rín kan sì gba àárín bébà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti padà lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á wá fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan: á bo ìdajì bébà, á tan iná sí ìdajì kejì, á wá yí i padà. Bó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, á ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Stephen Sprague, ayàwòrán kan tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pàdé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1978. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ọmọ méjì ló máa rí. Ibi tí orúkọ ọmọ àti ti sítúdíò ti yẹ kó wà, gúlúù ti bò ó.

Kí ló ń wà lẹ́yìn fọ́tò? Òǹtẹ̀ rọ́bà sítúdíò, pẹ̀lú orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́, nọ́ńbà nẹ́gátíìfù (fíìmù tí wọ́n fi fọ fọ́tò), ọjọ́, àti nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí olówó fọ́tò kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí sítúdíò bá ti kó kúrò ní àdúgbò kan sí òmíràn, àdírẹ́sì inú òǹtẹ̀ náà á jẹ́ ká mọ ìgbà tí wọ́n fọ fọ́tò. Bébà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: bébà fọ́tò tí wọ́n fi ike bò kò wọ́pọ̀ ṣáájú 1970.

Ẹ wo ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò níbí ní Ìbàdàn ní 1954, tó sì di olóògbé ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò. Ẹ̀yìn orí la sábà máa ń rí nínú wọn, ojú kò hàn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé irun Onílé Gogoro nìyí, Abẹ̀bẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ó tọ́jú orúkọ irun pẹ̀lú àwòrán.

Kò ṣòro láti gbé fọ́tò kọ́ láìlo gúlúù. Ẹ gé bébà tí kò ní ásíìdì, ẹ ṣẹ́ ẹ sí àpò kékeré onígun mẹ́ta, mẹ́rin fún fọ́tò kan. Àpò ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ páálí. Igun fọ́tò á kàn wọ inú rẹ̀. Ẹ gé ojú bíi fèrèsé sí àárín páálí mìíràn tó nípọn tó mìlímítà méjì, kẹ́ ẹ fi sí àárín fọ́tò àti gíláàsì. Bí ojú fọ́tò bá kan gíláàsì, ọ̀rinrin àkókò òjò á mú kó lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ ni ojú èèyàn á ṣí kúrò lórí bébà. Sẹ́lótéèpù àti álíbọ́ọ̀mù onígúlúù tí wọ́n ń tà fún ìgbéyàwó kò dára rárá. Ẹ má sì gbé fọ́tò kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ń wọlé.

Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ ẹ fi síkánà ya iwájú àti ẹ̀yìn ní 600 dpi (iye àmì tí síkánà ń yà nínú ínṣì kan), kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ojúlówó sinmi nínú àpòòwé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sẹ́yìn ojúlówó, pẹ́ńsù 2B ni, ní etí bébà, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bírò máa ń yọ ìlà síwájú, yíǹkì sì ń tàn. Pẹ́ńsù kò mú bébà oníke. Ara àpòòwé ni kẹ́ ẹ kọ tirẹ̀ sí.

Èyí tí wọ́n ti lẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbóná lé e. Pátákó ni wọ́n ń fá díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe fọ́tò ni wọ́n ń bó kúrò lára pátákó. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni kó ṣe é.

Àwọn ọmọ ayàwòrán tí nẹ́gátíìfù bàbá wọn ṣì wà nílé, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi fínígà, ó ti ń jẹrà nìyẹn, òórùn náà á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùṣètò ni pé, bí wọ́n bá tún ṣe irú ìpàtẹ yìí, kí wọ́n gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo fọ́tò tí a kò mọ orúkọ ẹni inú wọn, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí àgbàlagbà kan bá dá ẹnìkan mọ̀, kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà fọ́tò, ipò ẹni náà láti apá òsì, orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó sọ ọ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ̀yin olóòtú náà lè yọ̀ǹda àyè fún ọ̀kan nínú wọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tí àwọn òǹkàwé máa fi èsì ránṣẹ́ sí.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn