Lẹ́tà sí Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù: orí Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ dà?

Àǹtí mi,

Wọ́n ti ta ilé Campos. Éjẹ́ńtì ní ká kó ẹrù wa kúrò kó tó di ọjọ́ Ajé, nítorí katapílà ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Yàrá yín ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn maṣíìnì ìránṣọ yín, ibẹ̀ ni mo ti rí pọtimáńtò yẹn, tí páálí ọkọ̀ òfuurufú ṣì so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ ni, ọmọlangidi inú ìpolówó ọṣẹ yẹn. Bí mo ṣe ṣí i, ó rùn bíi táyà tó ti pẹ́ lóòrùn. Ara rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, ó ń dà sílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Eegun irin rẹ̀ ló kù, ẹsẹ̀ bàtà kan, àti ẹ̀wù áńkárá tí ẹ fi ègé aṣọ ẹbí tó ṣẹ́ kù níbi òkú Bàbá Àgbà rán fún un. Ọrùn rẹ̀ dá gọ́gọ́ bí ìṣó. Kò sí orí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí Kérésì 1991? Gbogbo ọmọ ilé la pé sí pálọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ ní ọkọ ìyá arúgbó tí ẹ ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń mú un rìn nínú ìpolówó ọṣẹ. Ẹ ní kì í ṣe okùn, kì í ṣe bátìrì. Ẹ sún apá rẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi ẹnu ṣe “ká” bíi kámẹ́rà. Ẹ tún sún un. Ẹ ní fọ́tò mẹ́rìnlélógún ni sinimá ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, pé odidi ọjọ́ kan lè lọ kí ọmọlangidi tó juwọ́ tán. Mo bi yín nípa ihò kékeré tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi síkúrúù dè é mọ́ tábìlì látìsàlẹ̀, kó má baà ṣubú bó bá gbé ẹsẹ̀ kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Ẹ ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú rí. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan, ẹrù inú irú fíìmù ọmọlangidi bẹ́ẹ̀ ni mo kó sí i. Àga tí kò ju páálí ìṣáná lọ wà níbẹ̀, ife tíì tó kéré ju èékánná lọ, ìlẹ̀kùn kan tó ní kọ́kọ́rọ́ gidi, àti ọwọ́ ọ̀tún ọmọlangidi méjì. Owó kékeré kékeré ni mo fi kó wọn jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lókè òkun. Àwọn oníbàárà á ní ṣé ohun ìṣeré ọmọ ni. Mo máa ń fi ọrùn ọwọ́ náà hàn wọ́n, níbi tí ọ̀dà ti họ nítorí àtàǹpàkò ẹni tó ń sún un. King Kong, ọmọlangidi ìnàkí inú fíìmù 1933, awọ ehoro ni wọ́n fi bò ó. Ẹ bá wo fíìmù náà dáadáa, ẹ ó rí i tí irun ara rẹ̀ ń mì bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ìka àwọn tó ń sún un ni. Wọn ò sí nínú fíìmù, àmọ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ títí dòní.

Ìtàn Ray Harryhausen ni mo fẹ́ràn jù, ẹni tó mú ọmọlangidi egungun òkú méje jà nínú fíìmù Jason and the Argonauts ní 1963. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a rọ eegun irin àwọn ọmọlangidi rẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì máa bá a rán aṣọ wọn. Ọjọ́ tí mo kà á, ẹ̀yin ni mo rí nídìí maṣíìnì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti alẹ́ yẹn, Àǹtí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì lẹ máa padà. NEPA ti mú iná lọ. Mo gbé Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, mo fẹ́ kó juwọ́ sí yín láàárọ̀. Mo sún un, mo ní “ká”. Mo tún sún un, mo ní “ká”. Ìka kan ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò nà mí. Ì bá sàn kí ẹ nà mí. Ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yọ wẹ́rẹ́. Orí wọn ṣeé yọ, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ojú fún wọn nìyẹn, àmọ́ ta ló sọ fún mi? Lójú mi, ẹ pa á ni. Ẹ wé orí náà sínú áńkáṣíìfù, ẹ sọ ọ́ sínú báàgì ọwọ́ yín. Ẹ ní, “Ìgbà tí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan, wàá gbà á.” Kílẹ̀ tó mọ́, ẹ ti lọ.

Mo dúró dè yín. Mo yege ìdánwò, ẹ gbàdúrà fún mi lórí fóònù, ẹ ò dárúkọ rẹ̀. Ẹ wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a jọ jẹun, ẹnu mi ò gbà á láti bi yín. Nígbà ìgbéyàwó mi, ẹ fi léèsì ránṣẹ́. Kí ìyàwó mi tó rí i, mo ti tú u ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, mò ń wá ohun kan tó tó ẹyin adìyẹ. Ẹ̀yin lẹ sanwó iléèwé mi, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n orí yẹn ni mo ń wá nínú léèsì.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Wáyà ló wà nínú ìka wọn. Wáyà téèyàn bá ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, á ṣẹ́ dandan. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun gan-an a máa pààrọ̀ ọwọ́ wọn. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé ọwọ́ mi ló burú. Ọmọlangidi Rudolph, àgbọ̀nrín onímú pupa, àti ti Bàbá Kérésì tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1964, òṣìṣẹ́ kan ló gbé wọn lọ sílé, abẹ́ igi Kérésì ni wọ́n ń tò wọ́n sí, àwọn ọmọ ẹbí sì ń fi wọ́n ṣeré. Ní 2020, $368,000 ni wọ́n tà wọ́n ní gbàǹjo. Ẹnikẹ́ni ò torí ọwọ́ ọmọdé gbé orí wọn lọ.

Ẹ ní kí n kọ́ ìtọ́jú, mo kọ́ ọ. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ní ń pa fóòmù rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ẹ wá fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ páànù Campos, fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ni kò tọ́jú nǹkan?

Èmi ni mo tẹ ìwé ìsìnkú yín. Bébà tó dára jù ni mo lò, mi ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹrù yín dé láti Lọ́ńdọ̀nù, mo bá wọn tú u. Kò sí níbẹ̀.

Nǹkan ò rọrùn ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé bébà ti kọṣẹ́, owó bébà ń gòkè, láńlọ́ọ̀dù sì ti sọ owó ṣọ́ọ̀bù di ìlọ́po méjì. Ìparí oṣù yìí ló fẹ́ gbà á. Mo fi fọ́tò eegun irin náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń rà wọ́n. Mo mọ̀ pé irin nìkan náà ń lówó lórí, torí ní 2009, níbi gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù, eegun irin King Kong kan lé ní £120,000, kò sì sí ẹran kankan lára rẹ̀ mọ́. Tiwa ò lókìkí bẹ́ẹ̀. Owó tó dá lé e tó owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan. Ó ní bí orí bá wà, òun á fi ìdajì kún un. Ìyàwó mi ní kí n tà á, mi ò sì rí ẹ̀bi rẹ̀.

Lálẹ́ àná, nígbà tí wọ́n ti sùn, mo fi epo díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, ó dúró. Mo wá bọ́ ẹ̀wù áńkárá náà kí n lè gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lára rẹ̀, ni ọwọ́ mi bá kan nǹkan nínú àpò àyà. Ìka náà ni. Ẹ ti fi òwú dúdú wé ojú ibi tó ti ṣẹ́, ẹ ta kókó méjì sí i, bí ẹ ṣe máa ń ta á sídìí bọ́tìnnì.

Ìgbà wo lẹ ṣe é? Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ẹ wálé yẹn, èwo ni?

Maṣíìnì yín ní dúrọ́ọ̀ mẹ́rin. Mẹ́ta ni mo ṣí lọ́jọ́bọ̀. Ìkẹrin há, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Bílẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, màá mú síkúrúdíráfà, màá wọkọ̀ lọ sí Campos. Mo ti ní kí ọkùnrin Amẹ́ríkà náà fún mi di ọjọ́ Ajé.

Ọmọ yín,
ní Ṣómólú