Ìwé ẹ̀bẹ̀: Ẹ ṣí ìwé àmì màlúù fún wa ní Ẹ̀pẹ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́,
Láti ọwọ́ àwa tí a ń sin màlúù ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́.

Alága wa, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a bá wá: kí kánsù ṣí ìwé kan tí a ó máa kọ àmì ara màlúù kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó ni ín sí.

Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n já ọgbà ọ̀kan nínú wa, wọ́n kó màlúù mẹ́ta lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí ọ̀kan nínú wọn ní odò ẹran kan. Ìwo òsì rẹ̀ tẹ̀ síwájú, àmì iná sì wà ní itan rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé ibi tí nọ́ńbà wà ní etí rẹ̀ dànù. Ẹni tó mú un wá ní òun rà á ni. Ẹlòmíràn tún ní àmì itan yẹn jọ ti òun. Wọ́n bi arákùnrin wa pé, "Ìwé rẹ dà?" Kò ní. Kó tó lọ pe ẹlẹ́rìí dé, wọ́n ti pa ẹran náà, awọ rẹ̀ ti wà lórí iná pọ̀nmọ́. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí.

Kì í ṣe pé a ò sàmì. Àárín etí là ń fi nọ́ńbà onírọ́bà sí kí igbó má baà fà á ya, àmọ́ olè ń gé e. Àmì irin gbígbóná kì í pa rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì lè máa lo irin tó jọra láìmọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi irin tó tutù rinrin tẹ̀, irun funfun ló ń hù síbẹ̀, kò sì lè hàn lára màlúù Bunaji tó funfun. Imú nìkan ni olè ò lè pààrọ̀: ìlà imú màlúù kan kì í jọ ti òmíràn, bí ìka ọwọ́ èèyàn. Tàdáwà díẹ̀ àti bébà ti tó láti tẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà tí òfin Èkó ti ọdún 2021 ti de dída màlúù jẹ̀ kiri, a ti ṣọgbà, a ń gé koríko fún wọn. Gbèsè ọgbà ṣì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹran tó wà lójú kan, olè náà mọ ibi tí yóò ti bá a.

Nítorí náà, kí ẹ má gba àmì méjì tó jọra sínú ìwé náà. Bí a bá ta màlúù, kí olùtà àti olùrà jọ wá yí orúkọ padà. Èyí tó jẹ wá lógún jù ni pé kí dókítà ẹran tó ń yẹ màlúù wò ní odò ẹran fi etí, itan àti imú rẹ̀ wé ìwé náà kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí màlúù bá ṣìnà, kí baálẹ̀ ránṣẹ́ sí kánsù. Ẹni tí màlúù wa bá jẹ gbágùúdá rẹ̀ náà yóò mọ ẹni tí yóò bi, a ò sì ní sá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn alága Erédò àti Ìkòsì-Èjìnrìn sọ ọ́, torí òru kan ṣoṣo ni olè fi ń kó ẹran kọjá ààlà.

Owó ìwé, tàdáwà àti owó akọ̀wé fún ọdún àkọ́kọ́, àwa ni yóò san án. Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa, a ó kó gbogbo irin àmì wa wá sí kánsù, kí ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo olùsìn màlúù Ẹ̀pẹ́