Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi tí Gbogbo Àdúgbò ń Pè ní Súpà

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo pé ọmọ ọdún 43. Ẹ mọ ohun tí iye yẹn jẹ́ nínú ilé wa, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀yin dúró sí ní ọdún 2019. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí di ọdún tó ń bọ̀, èmi àbúrò yóò ti dàgbà jù yín lọ, n kò sì tíì mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tí a ti dàgbà jù.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ ìbí náà ni Mọ́mì ní kí n wá kó ẹrù inú àpótí páànù tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn ní Mọ́kọ́lá, nítorí ikán ti ń wá ọ̀nà débẹ̀. Mo bá àwọn ìwé ẹ̀rí yín níbẹ̀, àti àwòrán ìgbéyàwó yín, àti ìró pupa Mọ́mì tí áyọ́ọ̀nù jó lójú kan, tí ojú ibi jíjó náà kò ju ẹnu ife lọ. Igun aṣọ náà méjèèjì ṣì ká kò bí ìgbà tí ẹ máa ń ta wọ́n ní kókó sọ́rùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn títí, wọn kò tẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni káàdì ilé ìwòsàn wà. Wọ́n fi bírò kọ ọjọ́ mẹ́jọ sí i, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ìsoríkọ́ àti àìlera ọpọlọ ni ẹ̀ ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ẹ lọ, ẹ kò sì mú ẹnikẹ́ni dání.

Kí n tó bá yín jà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Ní ọdún 1986, ẹ jẹ́ ọmọ ọdún 10, èmi jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bàbá Ìbejì ra ẹ̀rọ fídíò, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń san kọ́bọ̀ 20 láti jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀ wọn, kí a lè wo Superman, òyìnbó tó wọ pátá pupa lé ṣòkòtò búlúù lórí, tó ń fò lójú sánmà láìní ìyẹ́. Ọdún 1978 ni wọ́n ti ṣe fíìmù náà, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa ni. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ gun òrùlé ilé ìdáná pẹ̀lú ìró Mọ́mì lọ́rùn, ẹ ní kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta. Èmi ni mo kà á. Nígbà tí ẹ balẹ̀, ọrùn ọwọ́ òsì yín ti yí sí ibi tí ọrùn ọwọ́ kì í yí sí, ètè yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, omi sì ti kún ojú yín. Ẹ̀rù bà mí pé Mọ́mì yóò gbọ́. Mo wá sọ gbólóhùn kan tí n kò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi títí di òní: "Súpà kì í sunkún." Ẹ gbé ẹkún náà mì. Mo rí i bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun yín, bí ìgbà tí ènìyàn gbé òkèlè tó tóbi jù mì láìsí ọbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá tó ń to eegun fa ọwọ́ yín, ẹ kò pariwo, àwọn tó wá wòran sì pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè yín ní Súpà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ọdún 6 kò tó ohun tí àgbàlagbà ń gbé kiri fún ọdún 37. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ń to ayé yín pọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ibẹ̀ ni mo máa ń padà sí: ọjọ́ tí Dádì kú, tí ẹ̀ ń bu omi fún àlejò, ọjọ́ tí wọ́n dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ tún san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, ọjọ́ tí ẹ sin ọmọbìnrin yín, tí ẹ̀ ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀fun yín ni mo ń wò.

N kò sọ pé aṣọ náà kò ṣe yín lóore. Ẹ̀yin tí òkùnkùn máa ń bà lẹ́rù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ pọn omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́ bí ẹ bá ti so ó mọ́rùn. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2017 tó dà bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n fún ọmọ 180, àwọn ọlọ́dún 4 àti ọlọ́dún 6, ní iṣẹ́ kan tó ń súni ṣe fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí géèmù wà lórí rẹ̀ sí ìtòsí kí ọkàn wọn lè máa fà sí i. Wọ́n ní kí àwọn kan máa bi ara wọn pé, "Ṣé mò ń ṣiṣẹ́ takuntakun?" Wọ́n ní kí àwọn mìíràn mú akọni kan bíi Batman, kí wọ́n wọ nǹkan rẹ̀ sára, kí wọ́n sì máa béèrè pé, "Ṣé Batman ń ṣiṣẹ́ takuntakun?" Àwọn tó di Batman ló pẹ́ jù lọ nídìí iṣẹ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí ènìyàn bá sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀, tó wo ìṣòro náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó lè rí agbára tí kò mọ̀ pé òun ní. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 10 ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi jẹ́ Batman, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n sì lọ sílé. Ta ló bọ́ tiyín?

Ẹ rántí pé Dádì kò ka Superman sí. Fágúnwà ni tiwọn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo mọ̀ pé ọdún kan náà, 1938, ni ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde, tí Superman náà sì jáde ní Amẹ́ríkà láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Cleveland, Jerry Siegel àti Joe Shuster. Olè wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá Siegel ní 1932, bàbá náà ṣubú lulẹ̀, ó sì kú; ọmọ rẹ̀ ló wá dá ọkùnrin tí ọta ìbọn kì í ràn sílẹ̀. Ohun tí Dádì máa ń fẹ́ kí a rí, tí a kò fetí sí, ni pé Àkàrà-Ògún, ọdẹ inú ìwé náà, ní oògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá nìkan la Igbó Irúnmalẹ̀ kọjá. Obìnrin kan yọ sí i nínú igbó náà, Ìrànlọ́wọ́ sì ni orúkọ rẹ̀. Dádì a pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì wo ojú yín, bóyá wọ́n ti rí ohun tí èmi kò rí. Ẹ̀yin a ní, "Superman kò fi ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan." Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí gan-an ni ti àwòrán ara ògiri. Christopher Reeve, ẹni tó ṣe Superman nínú fíìmù tí a wò, ṣubú lórí ẹṣin ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1995. Eegun ọrùn rẹ̀ méjì tó wà lókè pátápátá ṣẹ́, kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń bá a mí. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹ wò ó, ẹ kò sọ̀rọ̀, ẹ sì lọ já àwòrán Superman tó ti wà lára ògiri yín láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ohun tó lè bá yín sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé nígbà tí ojú òun là sí ohun tó dé bá òun, òun sọ fún ìyàwó òun pé bóyá kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Dana, ìyàwó rẹ̀, dá a lóhùn pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìpinnu náà wà, ṣùgbọ́n pé òun kò ní fi í sílẹ̀ bó ti wù kí ó pẹ́ tó, àti pé ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì jẹ́, òun sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó lo ọdún 9 sí i láyé, ó ń wá owó fún ìwádìí lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó tó kú ní 2004. Ẹ gbọ́, Bọ̀dá mi: Superman sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá, ẹni náà sì dá a lóhùn. Ilé wa kún fún ènìyàn, ẹ kò rí ẹnì kan sọ ọ́ fún.

Chadwick Boseman ni ẹ wá mú dípò rẹ̀. Nígbà tí Black Panther, fíìmù tó ti ṣe ọba Wakanda, jáde ní oṣù Kejì ọdún 2018, ẹ wọ agbádá òfì, ẹ kó àwa 11 lọ sí sinimá, ẹ gbé ọmọkùnrin yín lé èjìká, ẹ sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká apá méjèèjì lọ́nà àgbélébùú sáyà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wà lórí káàdì yẹn jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ, ìdílé Boseman kéde pé ó ti kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, pé jẹjẹrẹ ìfun ti wà lára rẹ̀ láti 2016, àti pé àárín iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ni ó ti ń ṣe àwọn fíìmù rẹ̀. Ọmọ ọdún 43 ni òun náà. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sì sunkún títí àwọn ọmọ mi fi rò pé ẹni mímọ̀ mi ni. Gbogbo ayé yin ìfaradà rẹ̀, èmi náà yìn ín, nítorí àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ń bá fínra, tó ń lọ kí ní ilé ìwòsàn, rí agbára gbà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí káàdì yín, n kò lè yin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́. Aláìsàn méjì ló wà nínú sinimá lọ́jọ́ náà, ọ̀kan lára aṣọ funfun tí wọ́n ń tan fíìmù sí, ọ̀kan lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Bóyá ìtìjú ni, n kò dá yín lẹ́bi tán. Ìlú tí ènìyàn bá ti sọ pé òun kò rí oorun sùn, tí wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sí Aro, kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ han ẹlòmíràn. A gbàgbé pé akọni ni ẹni tó fi iṣẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká dípò kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ìbátan wọn kan sì gbọ́dọ̀ bá wọn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún wọn, kí ó sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ pé Lambo ló kọ káàdì yín, orúkọ mi ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Láti 1958 títí di ìgbà náà ni a fi ń lo èyí tó ń pe aláìsàn ní asínwín.

Èmi ni Súpà báyìí, ṣé ẹ mọ̀? Oògùn Mọ́mì, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín àti ti àwọn ọmọ mi, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Láti oṣù Karùn-ún tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè ni mo ti gbé mọ́tò sílé, dáńfó ni mo ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Aago mẹ́ta òru ni mo ń jí, n kì í sì í sùn padà. Lálẹ́, mo máa ń dúró lẹ́nu géètì díẹ̀ kí n tó wọlé, kí n lè tún ojú mi ṣe. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń ní, "Kò sí wàhálà." Ìyàwó yín ló sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ẹ̀rù ba òun nígbà tí òun gbọ́ ọ lórí fóònù, pé ohùn yín gan-an ni mo fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ òní, Mọ́mì pè láti mọ̀ bóyá mo ti yẹ ẹrù náà wò tán, wọ́n sì bi mí pé ṣé àlàáfíà ni mo wà. "Kò sí" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó fà á padà. Mo wá ní, "Mọ́mì, n kò sùn lánàá. Ó ti pẹ́ tí n kò ti sùn dáadáa." Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi ń gbọ́ rédíò wọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ṣé ìró pupa yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní ó wà. Wọ́n ní kí n mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì wá sun ọ̀dọ̀ àwọn, pé aṣọ àwọn ni, àwọn fẹ́ ró o.

Èmi ni àbúrò yín.