Ohun tó wà nínú àwòrán ni kí o kà: lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Àjọkẹ́ mi,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Mo ti dá a lóhùn pé o ń jẹun, nítorí náà má jẹ́ kí n parọ́.

Inú mi dùn nígbà tí o ní o ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò OCSMP, ìwé-ẹ̀rí tí àjọ OMG ń fún àwọn tó mọ èdè àwòrán SysML, ìpele Model User. Ṣùgbọ́n o tún ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí." Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ìrírí rẹ ni mò ń bẹ̀rù.

Ìdánwò yẹn kò ní bi ọ́ bí bíréèkì ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Àwòrán SysML, èdè tí ẹ fi ń ya bí ẹ̀rọ ṣe wà àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ, wọ́n á ní kí o sọ ohun tí àwòrán náà wí. Ẹni tó mọ bíréèkì dunjú á kàn wò ó fìrí, á sì fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn, láìrí i pé ẹni tó yà á ti gbé e gba ibòmíràn. Bí àwòrán bá ní ọkọ̀ yìí ní táyà mẹ́ta, mẹ́ta ni ìdáhùn rẹ. Má bá wọn tún ọkọ̀ ṣe.

Wo ọ̀rọ̀ ọfà. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé requirement (ohun tí a ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe) ló kọ́kọ́ wà, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ọfà satisfy ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara block (àpótí tó dúró fún ẹ̀rọ tàbí ẹ̀yà rẹ̀) tó ń mú requirement ṣẹ ni ọfà ti ń jáde, orí ọfà á sì kọjú sí requirement. Bákan náà ni deriveReqt, ọfà tó so requirement kan mọ́ èyí tí a ti fà á yọ: láti ara èyí tí a fà yọ ló ti ń lọ sọ́dọ̀ èyí tí a ti fà á yọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbára lé ẹnìkejì ni ọfà ti ń jáde. Bí nǹkan bá yí padà níbi tí orí ọfà wà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí o lọ yẹ̀ wò.

Activity diagram (àwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀léra) ni mo fẹ́ kí o jókòó tì jù, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tẹ àwọn tó gbójú lé flowchart tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé. Bí ọfà méjì bá wọ inú action (ìgbésẹ̀ iṣẹ́) kan, tí kò sí merge (ibi tí ọ̀nà méjì ti di ọ̀kan) níwájú rẹ̀, action yẹn kò ní bẹ̀rẹ̀ títí token (àmì tó ń gba orí ọfà kọjá láti fi hàn pé iṣẹ́ ti kàn án) á fi dé láti ọ̀nà méjèèjì. Ẹni flowchart á ní èyí tó bá kọ́kọ́ dé ti tó. Ó dáa, jẹ́ ká wá ní inú decision (oríta tí a ti ń yan ọ̀nà) kan náà ni ọfà méjèèjì ti jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni decision máa jẹ́ kí token gbà. Action náà á jókòó síbẹ̀, á máa retí token tí kò ní dé láéláé. Lójú, àwòrán yẹn dára, kò sí ohun tó ṣe é. Ka token lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí o tó rí àbùkù rẹ̀. Tún rántí pé bí ọfà méjì bá jáde lára action, méjèèjì ló máa gba token, bí ìgbà tí fork (ibi tí ọ̀nà kan ti pín, tí gbogbo ẹ̀ka á sì jọ máa lọ) bá wà níbẹ̀.

Parametric, àwòrán ìṣirò, kò le fún ẹ. Ṣáà rántí pé constraint (ìṣirò tó de iye mọ́ra) kò ní apá òsì tó ń bí apá ọ̀tún: V = IR, òfin iná Ohm, kàn ń sọ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba ni.

Ọ̀rọ̀ SysML v2, ẹ̀dà tuntun, ti gba ìgboro kan láti ìgbà tí OMG ti fọwọ́ sí i ní 2025. Ó dára, èèyàn tilẹ̀ lè kọ model níbẹ̀ bí ẹni ń kọ kóòdù, kò sì dúró lórí UML (èdè àwòrán àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià) mọ́. Ṣùgbọ́n v1 ni ìdánwò tí o fẹ́ ṣe. Ohun tí v1 ń pè ní block, part def ni v2 ń pè é. Bí o bá ń ka méjèèjì pọ̀ lásìkò yìí, wọ́n á dà rú mọ́ ọ lójú. Ìwé òfin èdè náà wà lórí ìkànnì OMG lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni kí o kà. Má sì wá expo kiri. Olè ni, àṣìṣe sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Pa sọ́fítíwià ibi iṣẹ́ yín tì ní ìrọ̀lẹ́, mú bírò àti ìwé. Ya bọ́ọ̀hóòlù ilé wa: pọ́ǹpù, táǹkì, float switch (èyí tó ń tan pọ́ǹpù tàbí pa á bí omi bá ṣe pọ̀ sí), jẹnẹrétọ̀. Èwo ló yẹ kó ní dáyámọ́ǹdì dúdú, àmì pé odidi ló ni ẹ̀yà náà? NEPA ńkọ́? A ò ni NEPA, nítorí náà onílà já-já ni àpótí rẹ̀ máa jẹ́ nínú internal block diagram, àwòrán bí inú block ṣe so pọ̀ (ìlà já-já yẹn tiẹ̀ bá ìṣe wọn mu). Requirement kan ṣoṣo ni mo fún ọ: omi kò gbọdọ̀ tán nínú táǹkì kí ilẹ̀ tó mọ́. Sọ èyí tó satisfy rẹ̀ nínú gbogbo wọn, kí o sì sọ ìdí.

Fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó di Sátidé. Bírò pupa mi ti wà nílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.