Lẹ́tà sí Bàbá mi nípa labalábá àti bọmubọmu etí oko

Ìpínlẹ̀ Kansas,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti Màámi ní àlàáfíà, kí orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti máa gbọ́ oògùn. Àwa náà wà dáadáa. Òtútù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n kò tíì dójú rẹ̀.

Bọ́lá sọ fún mi pé nígbà tí ẹ rí fọ́tò ẹ̀yìnkùlé mi lórí fóònù rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní ọmọ tó sá fún oko nítorí koríko ló tún wá ń fi owó ra koríko gbìn lókè òkun. Ẹ̀rín náà tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí mo ń ṣe níbí kan oko yín ní Ìsẹ́yìn, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ yín.

Milkweed ni àwọn ará ibí ń pe ohun tí ẹ rí yẹn. Bí a bá ṣẹ́ ewé rẹ̀, oje funfun ni yóò máa kán; bí èso rẹ̀ bá gbẹ, yóò là, òwú inú rẹ̀ yóò sì gbé hóró rẹ̀ fò lọ nínú atẹ́gùn. Ìdílé kan náà ni òun àti bọmubọmu tí àwọn Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì, èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn ní kékeré kí oje rẹ̀ má baà ta sí wa lójú. Ewé irú igi yìí nìkan ni ọmọ labalábá kan tí wọ́n ń pè ní monarch lè jẹ. Bí ìyá rẹ̀ bá fò káàkiri tí kò rí i, kò sí ibòmíràn tí yóò yé ẹyin sí tí ọmọ yóò fi yè.

Labalábá náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó pọ́n bí epo tuntun, ìlà dúdú sì gba inú apá rẹ̀ kọjá bí ẹni pé tìróò ni wọ́n fi fà á. Ní oṣù kẹfà, mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí yóò di labalábá, abilà dúdú, funfun àti ìyeyè, tó ti tó ọmọńdinrín mi. Kò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó kọ́kọ́ lọ sí ìdí ewé, ó gé ọ̀pá rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó já, ewé náà dorí kodò, oje inú rẹ̀ sì kán dànù. Ìgbà náà ló tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti etí. Ọ̀nà tí Màámi ń gbà fọ ewúro ni mo rántí. Ìwọ̀nba májèlé tó bá kù nínú ewé náà kò ní pa á. Ara ló ń kó o pamọ́ sí, ẹyẹ tó bá sì gbé e mì yóò bì í, kò ní padà sídìí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ máa ń sọ fún wa pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá, èyí ń ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń bí nígbà ooru kì í lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láyé, ṣùgbọ́n ara àwọn tó bá jáde ní ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án yàtọ̀: wọn kì í gun ara wọn, wọn kì í yé, wọ́n kàn ń mu omi òdòdó kí ọ̀rá lè wà lára wọn, wọ́n á sì kọjú sí gúúsù. Láti Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, orí àwọn òkè kan ní Michoacán àti agbègbè rẹ̀ ní Mẹ́síkò ni wọ́n ń lọ, níbi tó ga tó 3,000 mítà, láàárín igi tí wọ́n ń pè ní oyamel. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fò ju 4,000 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan wọn kò wúwo tó gíráàmù kan. Wọ́n lè lò tó oṣù mẹ́jọ láyé. Oòrùn ni wọ́n ń wò, ohun kan bí aago sì wà nínú ìwo orí wọn tó ń bá wọn ṣírò bí oòrùn ṣe ń yí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ti débẹ̀ rí. Àwọn baba ńlá wọn ló kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹta. Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ yín, bi mí pé ta ló júwe ọ̀nà fún wọn. Ọmọ tí kò tíì fojú kan Ìsẹ́yìn ló ń béèrè o.

Inú ìwé wọn ni mo ti kà á pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Urquhart ti Toronto àti Norah ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi tí àwọn labalábá náà ń lọ, kí Ken Brugger àti Catalina Aguado tó rí ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya. Ọ̀kan lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Michoacán, sọ fún mi pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn òkú wọn, ni wọ́n máa ń dé, ìyá rẹ̀ àgbà a sì máa ní ẹ̀mí àwọn tó ti lọ ni. Mo sọ fún un pé nílé tiwa, aṣọ ni ará ọ̀run ń gbé bọ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ tiwọn ló fúyẹ́ jù.

Wọn kì í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń bo igi débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Fífẹ̀ igbó tí wọ́n bò ni wọ́n ń wọ̀n. Ní òtútù ọdún 1996 sí 1997, ó ju hẹ́kítà 18 lọ, bí éékà 45. Ní ọdún 2013 sí 2014, kò ju hẹ́kítà 0.67 lọ. Ní òtútù tó kọjá yìí, ó gbé díẹ̀, ó jẹ́ hẹ́kítà 1.79. Bàbá, oko ẹ̀gẹ́ yín jẹ́ éékà márùn-ún. Bí ẹ bá kó gbogbo èyí tó sùn sórí òkè wọ̀nyẹn lọ́dún náà wá sínú rẹ̀, àyè yóò ṣẹ́kù.

Àwọn agégi wà nínú ọ̀ràn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Mẹ́síkò ti ya igbó tó lé ní 56,000 hẹ́kítà sọ́tọ̀ ní ọdún 2000, tí UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2008. Homero Gómez González, tó ń bójú tó El Rosario, ibùdó àwọn labalábá kan nínú igbó náà, dàwátì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Inú kànga ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, oògùn apakoríko ni. Tẹ́lẹ̀, milkweed máa ń wà láàárín poro àgbàdo, ọkọ́ àti ẹ̀rọ kò sì lè pa á tán. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti gbé sóyà tí oògùn yìí kò lè pa jáde, àgbàdo irú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ wá lè fọ́n oògùn sórí oko látòkè délẹ̀, ohun ọ̀gbìn á dúró, gbogbo ìyókù á kú. Oògùn náà gan-an ni àwọn ọmọ ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn fọ́n fún yín. N kò dá àgbẹ̀ lẹ́bi, mo mọ ohun tí ọkọ́ ń fi ẹ̀yìn ènìyàn ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún tó kọjá, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹranko ìgbẹ́ níbí dábàá pé kí wọ́n fi òfin dáàbò bo labalábá náà.

Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo lè ṣe tèmi sí. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi pé koríko mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gé ti iwájú ilé mọ́lẹ̀, mo ri pátákó mọ́ ti ẹ̀yìn pé labalábá ni mo gbìn ín fún, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé náà gbìn ín ní Houston, ṣùgbọ́n irú ti ilẹ̀ gbígbóná ló rà, tí òtútù ibẹ̀ kì í sábà pa. Mo ní kí wọ́n máa gé e mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nítorí àìsàn máa ń kó jọ sára ewé rẹ̀, àwọn labalábá mìíràn a sì gbàgbé ìrìnàjò nítorí rẹ̀. Wọn kò tíì gé e.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a fi àwọ̀n mú akọ kan. Àmì dúdú méjì tó wà ní apá ẹ̀yìn ni a fi mọ̀ ọ́n. Mo fi ìka méjì di apá rẹ̀ pọ̀, Tèmítọ́pẹ́ sì lẹ bébà róbótó kan tí kò ju èékánná rẹ̀ lọ mọ́ ọn, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ Monarch Watch ti Yunifásítì Kansas ló fi bébà náà ránṣẹ́; láti ọdún 1992 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí ará Mẹ́síkò kan bá rí i nílẹ̀ nínú igbó, wọn yóò fún un lówó, àwa náà yóò sì gbọ́. Ọmọ náà ti kọ nọ́ńbà ọ̀hún sára kàlẹ́ńdà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Bàbá: ẹ ní kí àwọn ọmọ má fọ́n oògùn dé bọmubọmu tó wà ní ààlà oko. Mọ̀lẹ́bí monarch wà lọ́dọ̀ yín, labalábá pupa tí apá ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń funfun, bọmubọmu yẹn sì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Kí Bọ́lá bá mi yí ewé náà wò lábẹ́. Ẹyin rẹ̀ kò tóbi ju orí píìnì lọ, ṣùgbọ́n yóò rí ọmọ rẹ̀. Kí ó ka ìwo ara rẹ̀ kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún wa: mẹ́rin ni ti ibí, Tèmítọ́pẹ́ kò sì gbà pé mẹ́fà ni tiwa.

Mo ti fi owó oògùn Màámi ránṣẹ́. Ìyàwó mi kí yín púpọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé.