Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Iyẹ̀pẹ̀ Tí Òjé Ti Bà Jẹ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Ẹ̀ka Ìmọ́tótó Àyíká.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ọlọ́lá jùlọ.

Àwa oníbátìrì ọkọ̀ ní Ìbàdàn la kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la wá bẹ̀: ẹ bá wa gbẹ́ kòtò ọ̀tọ̀ ní ààtàn ìjọba, kí a lè sin iyẹ̀pẹ̀ tí òjé (lead), irin olóró inú bátìrì, ti bà jẹ́ síbẹ̀.

Láti ayé àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ la ti ń tú bátìrì tó ti kú, tí a sì ń da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé òjé wà nínú omi yẹn. Lónìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa funfun bí eérú, koríko kì í hù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni adìẹ ń tan, ibẹ̀ náà ni ọmọ ìyá olóúnjẹ wa ń jókòó ṣeré, tí á fi ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Èyí ló dùn wá jù, nítorí òjé tí ọmọdé bá gbé mì ń wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ.

A ti gbà láti kó o kúrò. Ibi tí a ó kó o lọ ni wàhálà. Onítípà kan ní òun á gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, òun á fi kún ilẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé. A kọ̀ ọ́. Bí a bá sì dà á sórí ààtàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣa irin níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kó o, ọyẹ́ á gbé eruku rẹ̀ wọlé onílé, òjò á wọ́ ìyókù lọ sódò. Òjé kì í jẹrà, iná kì í sì í jó o tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010. Wọ́n ń lọ òkúta góòlù nínú àgbàlá ilé, òjé inú rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Ńṣe ni wọ́n wa iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n sin ín sí kòtò tí wọ́n dìídì gbẹ́, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Abúlé ni wọ́n ti ṣe é. Kò yẹ kó ṣòro ní Ìbàdàn.

Kí kòtò náà jìnnà sí odò àti kànga. Kí wọ́n fi amọ̀ lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó le, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn lé e; bó bá kún, kí wọ́n tún fi amọ̀ bò ó, kí wọ́n sì ṣọgbà yí i ká. Ní tiwa, a ó fi omi wọ́n iyẹ̀pẹ̀ náà kí eruku má baà sọ, a ó dì í sínú àpò méjì méjì, a ó sì ta tapólì bo ọkọ̀. Owó ọkọ̀ àti owó àpò, ẹgbẹ́ ni yóò san án. Gbígbẹ́ kòtò ni apá wa ò ká, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì gbé ọ̀rọ̀ ìdalẹ̀nù lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn àpò tí a kọ́kọ́ dì ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́