Ẹnu Ọ̀nà Ni Kí O Wò: Lẹ́tà sí Ọmọ Wa Tó Wà Nínú Agbo àti Èyí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde

Ẹ̀yin ọmọ wa,

A kí yín láti Ìlọrin. A kí ẹ̀yin ti Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́ àti Ìgbàjà. A sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí lábẹ́ aṣọ ìbora, tí ẹ rẹ iná fóònù sílẹ̀ kí lídà tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín má baà rí i.

Agbo tí à ń wí ni ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tó ń de èèyàn mọ́lẹ̀, tí kì í jẹ́ kó lọ. Inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti jáde. Mùsùlùmí wà nínú wa, ọmọlẹ́yìn Kírísítì sì wà. A ò ní máa fi ìtàn ara wa dí yín lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń di okùn náà àti bó ṣe ń tú ni ọ̀rọ̀ wa.

A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Bíbélì tàbí Àlùkùránì. Nílẹ̀ wa níbí, ọmọ ìyá méjì á wà, ọ̀kan á máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì á sì jọ wọ abọ́ kan náà. Ìjọ tó le kì í ṣe ìjọ tó burú. Bí wọ́n bá ní kí o má lo yẹtí, tàbí kí o wọ híjáàbù tó kanlẹ̀, tàbí kí o gbààwẹ̀, ìyẹn ò tíì sọ ohunkóhun. Ẹnu ọ̀nà ni kí o wò. Ẹni tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n ń pè é báyìí? Bí o bá pàdé rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ṣé o lè dúró kí i? Ṣé wọ́n dá àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn padà fún un? Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó lọ ni wọ́n ń pè ní Júdásì, apẹ̀yìndà tàbí mùnááfìkí, tí kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ìta tì lo wà.

Kò sẹ́ni tó dá ilẹ̀kùn náà mọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀" ni wọ́n ń ki ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó ń wá èèyàn kún agbo tún dùn ju ti Ìlọrin lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì, tó ń wá yàrá ní Tanke, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgùnbánirọ̀ tí kò mọ ẹnì kankan nílùú, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti ẹni tó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n á bá ọ gbé àpò. Wọ́n á ra dátà fún ọ. Wọ́n á rántí ọjọ́ ìbí rẹ tí bàbá rẹ pàápàá gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo oore ni ìdẹ o, ẹ má torí èyí máa fura sí gbogbo ẹni tó bá bu oúnjẹ fún yín. Bí a ṣe ń dán an wò nìyí: sọ pé o ò ní lè wá lọ́sẹ̀ yìí, má sọ ìdí, kí o wá wo ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ á ní kò burú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tí à ń wí yìí á rán èèyàn mẹ́ta wá kan ilẹ̀kùn rẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba oorun rẹ. Àwọn òbí kì í ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ òun ló lágbára jù. Ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àdúrà aago márùn-ún ìdájí, ààwẹ̀ láti mẹ́fà sí mẹ́fà, ìpàdé lídà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó bá ń sun wákàtí mẹ́rin lóru fún oṣù méjì kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò mọ́. Á máa gbàgbé nǹkan, á máa sunkún láìnídìí. Bó bá sì ṣe ọjọ́ méjì-mẹ́ta láìfojú kan oorun, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á wá ní ìran ló ń rí. Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wúwo lọ́kàn rẹ nínú ẹ̀kọ́ wọn, kọ́kọ́ lọ sun wákàtí mẹ́jọ fún òru mẹ́rin tẹ̀ léra, kí o tó tún un rò.

Ìwé ló tẹ̀ lé oorun. Wọ́n á ní kí o jókòó kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ láti kékeré, àti ti bàbá àti ìyá rẹ, kí ìtúsílẹ̀ rẹ lè pé. Wọ́n kì í sun ìwé náà níná. Ọjọ́ tí o bá béèrè ìbéèrè ni wọ́n máa ń ṣí i. Bí o bá ti kọ ọ́, má torí rẹ̀ jókòó sínú agbo. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ń halẹ̀ mọ́ ọ lórí fóònù, má fèsì, má sì pa á rẹ́. Ya àwòrán ojú fóònù náà kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn nínú rẹ̀, kí o fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tí o gbọ́kàn lé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ka irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ti owó, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń gba 70,000 náírà lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Ìdámẹ́wàá, 7,000. Ọrẹ ìpàdé mẹ́jọ, 500 lẹ́ẹ̀kan, 4,000. Owó ilé kíkọ́, 5,000. Ẹ̀bùn fún Dádì (olórí agbo), 5,000. Irúgbìn ìgbàgbọ́, 10,000. Owó ọkọ̀ lọ sí ìpàdé méjìlá (ti lídà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọn kì í gba ọrẹ), 800 lẹ́ẹ̀kan, 9,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,600. Ó ku 29,400 fún ilé, oúnjẹ àti ìyá tó wà lábúlé. Ìdámẹ́wàá ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ìdajì lọ. Níbi tí wọ́n ti ń pe olórí ní Amírù, orúkọ owó náà á yí padà, á di sàdáákà, owó ẹgbẹ́ àti owó ìrìnàjò, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀, tó fi dé owó ọ̀kadà. Èyí tó burú jù ni owó tí wọ́n bá ní kí o yá ní kóópù (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) lórúkọ ara rẹ. Agbo á ná an, ìwọ àti àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ ni kóópù máa mú. Má fọwọ́ sí i láéláé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, pásítọ̀ kan ní Èkìtì ní kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan mú 310,000 náírà wá kí wọ́n lè dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwa ò rí i rín, nítorí ẹni tó ti ń san 40,000 lóṣooṣù láti ọdún mẹ́ta kò ní ka 310,000 sí nǹkan bàbàrà. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nísàlẹ̀ ilé ìjọsìn kan nílùú Oǹdó, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wọn pé oṣù kẹrin ni ìgbàsókè, ìyẹn kíkó àwọn onígbàgbọ́ lọ sọ́run, máa wáyé. Oṣù kẹrin kọjá, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò lọ nígbà tí oṣù kẹrin kọjá. Ẹni tó ti fi ilé-ìwé àti iṣẹ́ sílẹ̀, tó ti bá bàbá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà, bó bá gbà pé irọ́ ni, ó gbà pé òun sọ gbogbo ìyẹn nù lásán nìyẹn. Ó rọrùn fún un láti dúró de oṣù márùn-ún sí i. Ìdí rèé tí àsọtẹ́lẹ̀ tó kùnà fi ń mú àwọn mìíràn lágídí sí i dípò kó là wọ́n lójú. Ní Kanungu lórílẹ̀-èdè Uganda, ìparí ọdún 1999 ni àwọn olórí agbo kan ní ayé máa parẹ́. Ayé ò parẹ́. Àwọn tó ti ta ohun ìní wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, nígbà tó sì di 17 March 2000, iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pa mọ́ inú ilé ìjọsìn tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Ìgbà tí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ ni ewu máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, má béèrè owó rẹ nígbà tí o ṣì wà nínú ilé. Jáde ná.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o ń lọ kì í ṣe ọjọ́ ìjàkadì. Má bá lídà jiyàn, má ṣe ìwàásù ìdágbére. Ìwé ni kí o kọ́kọ́ kó: ìwé-ẹ̀rí WAEC, ìwé ìbí, ìwé ìgbaniwọlé, ìwé NIN, káàdì ìdìbò, ìwé ilẹ̀ bó bá wà. Máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ṣe fótókọ́pì, má kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, tí o fẹ́ gba òmíràn, tí ilé ẹjọ́ sì ní kí o búra sí ìwé, sọ pé wọ́n gbà á ni. Má sọ pé ó sọnù, ìbúra èké nìyẹn, wọ́n sì lè fi mú ọ bí wọ́n bá gbé ìwé náà jáde. WAEC ti ń fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2022. Bí o ò bá mọ NIN rẹ, tẹ *346# lórí nọ́ńbà tí o fi forúkọ sílẹ̀. Ti BVN ni *565*0#.

Fóònù ló kàn. Wọ inú WhatsApp, wo àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn, kí o yọ gbogbo wọn kúrò. Bó bá jẹ́ pé NIN ẹlòmíràn ni wọ́n fi forúkọ síìmù rẹ sílẹ̀, ra tìrẹ, lọ sí báǹkì kí wọ́n yí nọ́ńbà rẹ padà, kí o tó ju ti àkọ́kọ́ nù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á ṣẹ́ síìmù lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, kóòdù báǹkì á wá máa lọ sórí nọ́ńbà tí kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Tọ́jú owó oúnjẹ àti ọkọ̀ oṣù mẹ́ta síbi tí agbo kò mọ̀. Ọjọ́ kejì ìpàdé ńlá ló dára láti lọ, kí ọjọ́ díẹ̀ wà kí wọ́n tó tún ka orí. Bí o bá ti débi tí o ń lọ, fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́: "Mo ti kúrò fúnra mi. Àlàáfíà ni mo wà. Ẹ má wá mi." Fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n má baà lọ sọ fún ọlọ́pàá pé wọ́n jí ọ gbé.

Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, tẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ padà, abala 35 ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dá ọ dúró lórúkọ àdúrà. Àjọ Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò rò lọ́fẹ̀ẹ́. Tí o bá ní ọmọ níbẹ̀, rí agbẹjọ́rò ṣáájú ọjọ́ tí o máa lọ. Ọmọ tí o bá fi sílẹ̀ sẹ́yìn, ó máa ń ṣòro láti gbà.

Ẹni tó ti tìtorí agbo jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá tàbí HIV, kó má kàn padà gbé ìwọ̀n àtijọ́ mì. Kó lọ sí UITH (ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin) tàbí ọsibítù ìjọba, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ti lé ní ọjọ́ márùn-ún tí kò jẹun gidi, kó má fi iyán ṣínu. Ẹ̀kọ gbígbóná tó ṣàn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ife kékeré lẹ́ẹ̀kan, kó máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Oúnjẹ púpọ̀ lójijì máa ń jẹ́ kí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ọkàn sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá ti tó ọjọ́ mẹ́wàá, ọsibítù ni kó ti ṣínu.

Lẹ́yìn tí o bá jáde, ara rẹ á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé o ò tíì jáde. Wàá gbọ́ orin wọn nínú ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà, àyà rẹ á já. Wàá dúró níwájú aṣọ méjì, o ò ní mọ èyí tí wàá wọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń yàn fún ọ. Bí ọ̀kadà bá gbé ọ ṣubú, wàá ní ègún Dádì ló dé. Rántí pé àwọn tó wà nínú agbo náà ń ṣubú lórí ọ̀kadà. Ìdánwò ni wọ́n ń pè é fún tiwọn. Fi nǹkan kékeré kọ́ ara rẹ ní yíyàn padà: irú ọbẹ̀ tí wàá jẹ, ọ̀nà tí wàá gbà délé. Bí ọkàn rẹ bá ṣì fẹ́ kírun tàbí lọ sí ìsìn, jókòó sẹ́yìn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n fún ọdún kan gbáko, má gba oyè, má jẹ́jẹ̀ẹ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìran fún ọ. Agbo mìíràn máa ń lúgọ de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin òbí náà ń kà á, a mọ̀. Bí ọmọ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ṣépè, ẹ má sì kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ohun tí olórí wọn ń retí nìyẹn, kó lè ní "Ẹ ò rí i? Wọn ò fẹ́ ọ mọ́." Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ tó bímọ, ẹ má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Bó bá wá ya wọlé láago méjì òru, ẹ bu omi fún un. Ẹ má sọ pé ẹ ti wí tẹ́lẹ̀, ẹ má sì lọ pe àáfà tàbí wòlíì kankan wá bá a lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní fún un kó sùn.

Àwa àgbà yín,
Ìlọrin.